Ìdẹ̀gbẹ́ Tí Wọ́n Fi Oṣù Méjì Gbìmọ̀

Nígbà tí bàbá rẹ̀ ṣaláìsí, ohun mẹ́ta ni ìdílé kó lé ọkùnrin yìí lọ́wọ́: ìbọn ṣakabùlà kan tí ìdí rẹ̀ ti dán nítorí ọwọ́ tí ó ti dì í mú fún ọ̀pọ̀ ọdún, àpò awọ kan tí òórùn ẹ̀tù kò tíì kúrò lára rẹ̀, àti ọ̀rọ̀ kan. Ọ̀rọ̀ náà ni pé nígbà tí ọdún bá yípo, kí òjò tó fìdí múlẹ̀, àkọ́bí ọkùnrin yóò gbé ìbọn náà wọ igbẹ́, yóò pa ẹran, yóò sì gbé itan rẹ̀ lọ fún baálẹ̀. Ìgbà náà ni àwọn àgbà yóò tó lè sọ pé ọ̀nà ọdẹ kò dí ní agboolé náà. Ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ ti lé ní àádọ́ta ọdún. Kútọnu ni ó ń gbé, iṣẹ́ ìṣirò owó ni ó sì ń ṣe níbẹ̀. Láti ìgbà tí ó ti wà ní ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, kò yìnbọn mọ́.

Bantè ni ilé bàbá rẹ̀, láàrin àwọn Ìṣà tí èdè wọn jẹ́ ẹ̀ka kan lára èdè Yorùbá. Savalou ni ilé ìyá rẹ̀, láàrin àwọn Màhí, ní ìlú tí àwọn ọba tí ń jẹ́ Gbaguidi ti ń jọba láti ìgbà Soha. Ọ̀nà ọ̀dà kan náà ni ó so ìlú méjèèjì pọ̀, èyí tí ó ti Ìdáàsà wá, tí ó sì ń lọ sí Bassila àti Djougou. Ní ọdọọdún, ọkùnrin yìí kì í pa ọjọ́ 15 oṣù Ògún jẹ, nítorí ọjọ́ náà ni ọdún iṣu Savalou. Yóò wọ aṣọ tí ẹgbẹ́ bá dá, yóò jẹ iṣu tuntun, yóò kí àwọn ẹbí ìyá rẹ̀, yóò gba Bantè kọjá kí ó fojú kan ilé bàbá rẹ̀, yóò sì padà. Bí àlejò ti ń mọ ilé ni ó ṣe mọ ilé rẹ̀: ìgbà tí wọ́n bá ti gbálẹ̀ tán, tí oúnjẹ ti jinná tán ni ó máa ń dé. Oṣù Ògún ni ó mọ̀. Kò mọ oṣù Ẹrẹ́nà.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan nínú oṣù Èrèlè, ó gba ìsinmi, ó sì wọkọ̀ láti Kútọnu. Ètò tí ó ṣe lọ́kàn kò pọ̀. Yóò dé ní alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, yóò dọdẹ ní Sátidé, yóò gbé itan fún baálẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, yóò sì padà síbi iṣẹ́ ní ọjọ́ Ajé. Ó ti ra bàtà aláwọ tí ó ga dé ojúgun, ó sì ti ra iná tọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ń so mọ́ iwájú orí. Ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ bàbá rẹ̀ ni ó wọ̀ sí, àgbà ọdẹ kan tí ó ń gbé ní abúlé kan ní ìhà igbó Agoua. Ó dọ̀bálẹ̀, ó kí i, ó sì sọ ohun tí ó bá wá.

“Baba, ọ̀la ni mo fẹ́ kí a lọ.”

“Kí a lọ síbo?”

“Sí igbẹ́, Baba.”

“Igbẹ́ wo?”

Kò rí èsì fọ̀. Àgbà ọdẹ náà gbé tọ́ọ̀ṣì yẹn, ó wò ó tẹ́yìn tiwájú, ó sì gbé e kalẹ̀.

“Níbo ni iná jó dé lọ́dún yìí? Afẹ́fẹ́ ń ti ibo wá? Àwọn wo ni wọ́n wà nínú igbẹ́ lọ́sẹ̀ yìí? Bí o bá pa ẹran, ta ni yóò bá ọ rù ú? Ọmọ mi, ẹran kò mọ Sátidé. Sùn níbí lálẹ́ yìí, kí o padà lọ sí Kútọnu lọ́la. Nígbà tí oṣù yìí bá kú tí òmíràn bá lé, kí o tún wá. Mú ìwé tí o fi ń kọ nǹkan lọ́wọ́ bí o bá ń bọ̀.”

Báyìí ni ìdẹ̀gbẹ́ tí ó rò pé ọjọ́ kan ni yóò gbà ṣe gba oṣù méjì, tí púpọ̀ nínú oṣù méjì náà sì lọ sórí gbígbìmọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni ó tún gba ọ̀nà ọ̀dà náà lọ kí ó tó gbé ìbọn lé èjìká.

Àsìkò ni ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́. Ní ilẹ̀ Bantè àti Savalou, pápá koríko àti igi wẹ́ẹ́rẹ́ ni ó pọ̀ jù, igbó kìjikìji kò sì sí àfi létí àwọn odò. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti gbẹ koríko tán, iná a jó pápá. Ilẹ̀ a dúdú, eérú a máa fẹ́, ojú a sì ríran jìnnà. Ìgbà náà ni ẹran ń jìyà jù. Omi a gbẹ títí yóò fi ku ọ̀gọ̀dọ̀ díẹ̀díẹ̀ lójú odò, oúnjẹ a sì wọ́n. Lẹ́yìn náà ni àkọ́rọ̀ òjò á dá, láàrin oṣù Ẹrẹ́nà sí oṣù Igbe. Láàrin ọjọ́ mélòó kan, koríko tútù á bẹ̀rẹ̀ sí í yọrí nínú eérú. Ìgalà tí ó ti ń fara pamọ́ sínú igbó etí odò láti ìgbà tí iná ti jó á jáde wá jẹ ẹ́ ní àfẹ̀mọ́júmọ́ àti ní ìrọ̀lẹ́. Ìmàdò á wá hú ilẹ̀ tí ó ti rọ̀. Àlàfo náà kì í pẹ́. Bí òjò bá rọ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹ́rin sí i, omi á wà níbi gbogbo, koríko á ga, ẹran á fọ́n káàkiri, ojú ọdẹ kò sì ní tó wọn mọ́. Láàrin eérú àti koríko gíga yìí ni gbogbo ètò àgbà ọdẹ náà dúró lé.

Afẹ́fẹ́ ni ẹ̀kọ́ kejì. Láti oṣù Ọ̀pẹ̀ ni ọyẹ́ ti máa ń fẹ́ láti ìhà àríwá ìlà-oòrùn. Bí òjò bá ń súnmọ́, afẹ́fẹ́ olómi tí ń bọ̀ láti òkun, ní ìhà gúúsù ìwọ̀-oòrùn, á gba ipò rẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í gbà á lọ́jọ́ kan. Ní oṣù Ẹrẹ́nà, àwọn méjèèjì á máa du ara wọn. Ọyẹ́ lè padà ní òwúrọ̀, kí ti òkun tún dé ní ọ̀sán. Nítorí náà, ibi ìlúgọ tí ó dára fún ọdẹ ní oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ lè gbé òórùn rẹ̀ lọ bá ẹran nímú tààrà ní oṣù Igbe. Àgbà ọdẹ náà ní kí ọmọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ya àwòrán ilẹ̀ náà sínú ìwé: odò, àpáta, igi ìyá méjì, òkè kékeré, ibi tí iná jó àti ibi tí kò jó. Fún ibi ìlúgọ kọ̀ọ̀kan, ó ní kí ó kọ afẹ́fẹ́ tí ó bá a mu àti èyí tí kò bá a mu. Oníṣirò owó ni ọmọ náà. Nígbà tí ó rí i pé ohun tí bàbá rẹ̀ ń kó sórí láìkọ ọ́ sílẹ̀ kún odidi ojú ewé mẹ́sàn-án nínú ìwé òun, ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ó bá àbúrò rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù, èyí tí ó ń gbé ní ìpínlẹ̀ Idaho ní ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn òkè gíga wà. Àbúrò náà rẹ́rìn-ín nígbà tí ó gbọ́ ọ̀rọ̀ koríko tútù. Ó ní bákan náà gan-an ni àwọn aládùúgbò òun ń ṣe. Béárì dúdú ni tiwọn. Ẹranko náà a máa sun oorun gígùn nínú ihò ní gbogbo ìgbà òtútù. Bí yìnyín bá ti ń yọ́, láti oṣù Igbe lọ, yóò jáde pẹ̀lú ebi, yóò sì lọ jẹ koríko tuntun ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè tí oòrùn bá ti kọ́kọ́ ràn. Àwọn ọdẹ ibẹ̀ a jókòó sí òkè òdìkejì, wọn a fi awò wo gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà fún wákàtí púpọ̀. Láti ìgbà òtútù ni wọ́n ti ń wo àwòrán ilẹ̀, tí wọ́n ń ra ìwé àṣẹ, tí wọ́n ń ronú ọ̀nà tí wọn yóò gbà gbé ẹran sọ̀kalẹ̀ kí ó tó bàjẹ́. Òfin wọn sì ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pa abo béárì tí ọmọ rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń wò pẹ́, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ọmọ wà tàbí kò sí, kí ìka tó kan ìbọn.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n sọ èyí fún àgbà ọdẹ, ẹnu kò ya baba náà. Ó béèrè bí béárì ti tóbi tó àti bóyá ẹran rẹ̀ dùn. Lẹ́yìn náà ni ó ní, “Ọdẹ ni wọ́n. Ẹni tí kò bá lè dúró wo ẹran kí ó tó yìn ín, apẹran ni, kì í ṣe ọdẹ.”

Ẹ̀kọ́ kẹta kan àwọn ènìyàn. Ìgbà tí koríko tútù ń yọ yìí gan-an ni ìgbà tí kajú ń já. Ẹkùn Bantè àti Savalou wà lára ibi tí kajú ti pọ̀ jù ní orílẹ̀-èdè Benin. Láti oṣù Èrèlè títí wọ oṣù Igbe, àwọn ìyá àti ọmọdé á wà lábẹ́ igi láti àárọ̀ kùtùkùtù, wọn á máa ṣa èso. Àwọn Fúlàní darandaran náà á ti kó màlúù wọn sọ̀kalẹ̀ láti àríwá nítorí omi, wọ́n lè pàgọ́ sí ibikíbi létí odò. Ọta ìbọn kò mọ ìyàtọ̀. Àgbà ọdẹ náà mú un lọ sí oko kajú kọ̀ọ̀kan, wọ́n kí àwọn olóko, wọ́n sì béèrè ọjọ́ tí wọn kò ní sí lóko. Wọ́n lọ sí àgọ́ àwọn darandaran méjì, wọ́n jókòó, wọ́n mu wàrà, wọ́n sì sọ apá ibi tí wọn yóò gbà àti ọjọ́ tí wọn yóò gbà á. Ìrìn yìí gba ọjọ́ méjì gbáko. Ẹnìkan kò yìnbọn, ẹnìkan kò rí ẹran, àmọ́ àgbà ọdẹ náà ní apá tí ó le jù nínú ọdẹ náà ti parí.

Ó ku ọ̀rọ̀ òfin. Láti ayé ìjọba Faransé ni wọ́n ti pààlà sí igbó Agoua, tí ó fẹ̀ tó nǹkan bí 75,000 hẹ́kítà, tí wọ́n sì kà á mọ́ igbó ìjọba. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí ni ìjọba Benin so ó pọ̀ mọ́ igbó Monts Kouffé àti Wari-Maro nínú iṣẹ́ àkànṣe kan tí wọ́n fi ń bá àwọn ará abúlé pawọ́pọ̀ tọ́jú igbó. Òfin 2002-16, tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọjọ́ 18 oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2004, ni ó sọ bí a ó ti máa bá ẹranko igbó lò. Ó pín àwọn ẹranko sí ọ̀wọ́ ọ̀wọ́: àwọn tí a kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn rárá, àwọn tí a dáàbò bò dé ààyè kan, àti àwọn tó kù. Ó ní kí ọdẹ ní ìwé àṣẹ. Ó sì ka fífi iná tàn ẹran lójú lóru léèwọ̀. Ìyẹn ni àgbà ọdẹ náà ṣe gbé tọ́ọ̀ṣì olówó yẹn kalẹ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ọmọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ bá àwọn aṣọ́gbó, ó sọ irú ìbọn tí ó ní, ó béèrè ohun tí òfin gbà, ó san ohun tí ó yẹ kí ó san, ó sì gba ìwé. Wọ́n fi ojú ààlà hàn án lórí àwòrán. Ó wá rí i pé ibi méje nínú ibi ìlúgọ mọ́kànlá tí bàbá rẹ̀ máa ń lò ti bọ́ sí inú igbó tí a kò gbọdọ̀ dẹ.

Inú bí i. Nígbà tí ó padà dé abúlé, ó sọ pé ìjọba ti gba igbẹ́ lọ́wọ́ àwọn ọmọ onígbẹ́. Àgbà ọdẹ náà jẹ́ kí ó sọ ọ́ tán.

“Kí ni à ń pe igbó yẹn ní èdè wa?”

“Igbó ọba ni.”

“Ó dára. Ṣé àtìgbà tí àwọn aṣọ́gbó dé ni ọba ti ní igbó ni?”

Ìbéèrè yìí yẹ kí ó kan gbogbo ẹni tí ó fẹ́ràn ìtàn ìjọba ọba ní ilẹ̀ wa. Ọ̀pọ̀ ìlú ni ó jẹ́ pé ọdẹ ni ó tẹ̀ wọ́n dó. Ọdẹ ni Ògúnlọ́lá, tí ó jẹ́ Ṣọ̀ún àkọ́kọ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ọdẹ ni Tìmẹ́hìn, tí ìtàn Òṣogbo kò lè pé láìsí i. Ọdẹ ni ó ń mọ ibi tí omi wà, ibi tí ilẹ̀ ti dára, ibi tí ọ̀tá lè gbà wọlé. Àmọ́ ibi tí ọdẹ bá tẹ̀ dó kò tíì di ìlú. Ọjọ́ tí ẹnìkan bá ti lè sọ pé, “Ẹ má wọ ibẹ̀ yẹn, ẹ má pa èyí, ẹ dúró di ọjọ́ báyìí,” tí àwọn tó kù sì gbọ́, ọjọ́ náà ni ìlú bẹ̀rẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá, ẹni tí ó bá pa ẹkùn kò gbọdọ̀ gbé e lọ sílé ara rẹ̀. Ààfin ni yóò gbé e lọ, nítorí ẹran ọba ni. Igbó orò wà, igbó òrìṣà wà, odò tí a kì í pẹja rẹ̀ wà. Ẹni tí ó bá ka àwọn èèwọ̀ wọ̀nyí sí ìgbàgbọ́ asán lásán yóò ṣàìrí ohun tí wọ́n ń ṣe. Àwọn ni wọ́n fi ibi kan sílẹ̀ fún ẹran láti bímọ sí.

Àgbà ọdẹ náà kò sọ ọ́ gùn báyìí. Ohun tí ó sọ ni pé nígbà tí bàbá ọmọ náà wà láyé, ibi ìlúgọ mẹ́rin péré ni ó máa ń lò lọ́dún kan. Ó máa ń fi àwọn tó kù sinmi ni. Mọ́kànlá tí ọmọ kà, àpapọ̀ ọ̀pọ̀ ọdún ni. Mẹ́rin ni ó kù lẹ́yìn ààlà ìjọba. “Ó ṣì pé,” ni ó wí.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Igbe, lẹ́yìn òjò kejì, àwọn méjèèjì lọ yẹ ibi mẹ́rin náà wò. Wọn kò gbé ìbọn dání. Níbi méjì àkọ́kọ́, màlúù ti tẹ koríko mọ́lẹ̀. Níbi kẹta, ẹnìkan ti gé igi lulẹ̀ láti fi sun èédú. Níbi kẹrin, ní etí odò kékeré kan tí ó ń ṣàn lọ sínú Agbado, wọ́n rí ohun tí wọ́n ń wá. Ojú ẹsẹ̀ ìgalà wà lórí ẹrẹ̀, ó mú ṣáṣá, kò tíì gbẹ. Ọkùnrin náà tẹ ara ba láti wò ó, àyà rẹ̀ sì ń lù kìkì. Àgbà ọdẹ náà kò sọ̀rọ̀. Ó fi ọ̀pá rẹ̀ tọ́ka sí ẹ̀gbẹ́ ojú ẹsẹ̀ náà. Òmíràn wà níbẹ̀ tí kò ju àtàǹpàkò lọ. Ó tún wà níwájú, ó sì tún wà lẹ́yìn. Ìyá ni, ọmọ rẹ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Wọ́n jókòó sórí òkúta fún ìgbà pípẹ́. Nínú gbogbo ilẹ̀ tí òfin àti àṣà fi sílẹ̀ fún wọn láti dẹ lọ́dún náà, ìgalà kan péré ni wọ́n rí ipasẹ̀ rẹ̀, ó sì ń fún ọmọ lọ́mú.

Ìpàdé ìdílé kò rọgbọ ní alẹ́ ọjọ́ náà. Ọ̀rọ̀ tí àgbà ọdẹ mú wá ni pé kí wọ́n yí ètò padà, kí àkọ́bí lọ dẹ ọ̀yà ní oko iṣu tí wọ́n ti fi sílẹ̀ lẹ́yìn abúlé, pẹ̀lú àṣẹ olóko. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ obìnrin ni ó kọ́kọ́ dáhùn. Ó ní ẹran ọmọdé ni ọ̀yà, ẹran pańpẹ́ ni. Ṣé ọ̀yà ni wọ́n fẹ́ fi ṣí ọ̀nà fún ẹni tí ó pa ẹfọ̀n nígbà ayé rẹ̀? Kí ni àwọn ìdílé tó kù yóò sọ? Àbúrò bàbá kan ní kí wọ́n lọ bá àwọn kan tí wọ́n mọ ọ̀nà tí wọ́n lè gbà wọ igbó ọba lóru, kí wọ́n ra itan ìgalà lọ́wọ́ wọn, kí wọ́n gbé e fún baálẹ̀. Ta ni yóò mọ̀?

Ọkùnrin tí ọ̀rọ̀ kàn kò tíì sọ̀rọ̀. Oṣù kan sẹ́yìn, ì bá ti gbà. Owó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìtìjú ìdílé sì wúwo. Ó ṣí ìwé rẹ̀, ó wo ojú ewé mẹ́sàn-án yẹn, ó sì ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àgbà. Ìbọn bàbá mi ni ẹ gbé lé mi lọ́wọ́. Bí mo bá ra itan, kì í ṣe ìbọn yẹn ni ó ṣí ọ̀nà. Ọ̀yà ni mo máa pa.”

Àgbà ọdẹ náà ṣe àfikún ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ó ní ní ọdún tí bàbá yìí pa ẹfọ̀n, ó ti kọ́kọ́ fi ọdún mẹ́ta rí i láìyìn ín.

Ní àfẹ̀mọ́júmọ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, lẹ́yìn tí wọ́n ti fi obì, epo pupa àti ẹ̀sun iṣu bọ Ògún níwájú ilé, ènìyàn márùn-ún àti ajá méjì ni ó jáde. Wọ́n ti pín ilẹ̀ náà. Olúkúlùkù ti mọ ibi tí yóò dúró, ìhà tí kò gbọdọ̀ kọjú ìbọn sí, àti iye ìgbà tí yóò súfèé bí ó bá fẹ́ kúrò níbẹ̀. Wọ́n ti wé ẹ̀tù sínú ọ̀rá nítorí ìrì àti òjò. Àwọn ọmọkùnrin tí ó mú ajá wọ inú koríko láti apá tí afẹ́fẹ́ ń gbà wá. Ọ̀yà àkọ́kọ́ sáré kọjá níwájú ọkùnrin náà, kò sì yìnbọn, nítorí kò rí i délẹ̀. Èkejì dúró díẹ̀ ní etí ebè iṣu àtijọ́. Ìbọn dún. Èéfín bo ojú rẹ̀, èjìká rẹ̀ sì dùn ún fún ọjọ́ mẹ́ta.

Itan ọ̀yà kò ju ìkúùkù lọ. Bó ti rí náà ni wọ́n yan án, tí wọ́n gbé e sínú àwo funfun, tí wọ́n sì gbé e lọ sílé baálẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Ẹ̀gbọ́n bàbá obìnrin náà tẹ̀ lé wọn, ó sì fajú ro. Baálẹ̀ gba àwo náà, ó dúpẹ́, ó súre fún wọn, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́. Lẹ́yìn náà ni ó na ẹsẹ̀, ó sì ní, “Ó yá, ẹ jókòó. Kí ni ẹ rí?”

Ìbéèrè yẹn ni ọkùnrin náà kò retí. Láti ìgbà ìwásẹ̀ ni ọdẹ ti jẹ́ ojú àti etí ọba. Kì í ṣe ẹran nìkan ni ó ń gbé bọ̀ láti igbẹ́, ìròyìn ló tún ń gbé bọ̀, ìròyìn sì ni ó máa ń wúlò jù fún ẹni tí ó bá jókòó sórí àga. Ọkùnrin náà mú ìwé rẹ̀ jáde. Ó sọ ibi tí omi ṣì wà àti ibi tí ó ti gbẹ. Ó sọ iye àgọ́ darandaran àti ibi tí màlúù ti ń wọ oko. Ó sọ ibi tí wọ́n ti ń gé igi sun èédú. Ó sọ ibi tí iná dé tí kò yẹ kí ó dé. Ó sọ ìgalà kan àti ọmọ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sọ orúkọ odò náà títí baálẹ̀ fi lé àwọn ọmọdé jáde. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Baálẹ̀ ránṣẹ́ pe àwọn àgbà méjì sí i. Nígbà tí wọ́n tú ká, wọ́n ti fohùn ṣọ̀kan pé ẹnikẹ́ni kò ní dẹ etí odò náà fún ọdún méjì, àti pé baálẹ̀ fúnra rẹ̀ yóò bá àwọn asun-èédú sọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá obìnrin kò sọ nǹkan kan bí wọ́n ti ń lọ sílé. Ó kàn gba ìbọn lọ́wọ́ ọmọ àbúrò rẹ̀, ó sì gbé e lé èjìká ara rẹ̀ títí dé ẹnu ọ̀nà.

Àwọn baba wa máa ń sọ pé bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́, tí ó ro ìyà, bí ó bá pa ẹran, kò ní fún ẹnìkan jẹ. Nípa ìnira tí ń bẹ nínú igbẹ́ ni wọ́n ń pa òwe náà, ọdẹ sì ń pín ẹran síbẹ̀. Àmọ́ ìnira náà kì í ṣe ti ẹsẹ̀ àti ti ẹ̀gún nìkan. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni ti jíjókòó, bíbéèrè, dídúró àti fífi sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ lára àwa ọmọ ilẹ̀ yìí tí a wà ní Kútọnu, ní Èkó, ní Paris tàbí ní Amẹ́ríkà ni ó ń rántí ilé ní ọjọ́ 15 oṣù Ògún. Kò burú. Àjọ̀dún dára, ó sì ń so wá pọ̀. Ṣùgbọ́n iṣu tí à ń jẹ ní oṣù Ògún, ẹnìkan ni ó kọ ebè rẹ̀ nígbà tí kò sí ìlù, tí kò sí ẹni tí ń ya fọ́tò. Ní ìgbà náà ni wọ́n ń gbìmọ̀ ìlú.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí ọkùnrin náà fẹ́ padà sí Kútọnu, ó fi tọ́ọ̀ṣì rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ àgbà ọdẹ náà kí wọ́n máa fi kàwé lálẹ́. Ó dọ̀bálẹ̀, ó dúpẹ́. Àgbà ọdẹ náà ní Ògún á gbè é.

“Baba, ìgbà wo ni ẹ ó dá iná sí pápá lọ́dún tó ń bọ̀?”

“Bí koríko bá ti ń gbẹ, ṣùgbọ́n tí kò tíì gbẹ tán. Ní ìparí oṣù Bélú, tàbí nínú oṣù Ọ̀pẹ̀. Bí ó bá pẹ́ ju ìyẹn lọ, iná á pa igi.”

Ọkùnrin náà ṣí ìwé rẹ̀ sí ojú ewé kẹwàá, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀.